Ṣé O Mọ̀? Àwọn Géńdé Tó Ń Lànà fún Asáré

Ṣé o mọ̀ pé nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ọkùnrin kan wà tó lo sáà 20 nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ kó máa ti èèyàn kúrò lójú ọ̀nà?

Jackie Slater ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ Rams ló gbá fún. Eré 259!

Gbọ́ èyí tó jùyẹn lọ. Asáré méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sá ju yáàdì 1,000 lọ nínú sáà kan nígbà tí Slater ń lànà fún wọn. Asáré ń lọ, asáré ń bọ̀, Slater dúró gbọin.

Ọ̀kan nínú àwọn méje náà ni Eric Dickerson. Lọ́dún 1984, yáàdì 2,105 ló sá. Títí di òní, kò sí ẹni tó sá jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú sáà kan ní NFL, líìgì tó ga jù nínú eré náà.

O ò tíì mọ àwọn géńdé yìí dáadáa? Sún mọ́ mi. Márùn-ún ni wọ́n, wọ́n tò síwájú pápá. Àárín ni sẹ́ńtà wà, òun ló ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Gáàdì kan wà lọ́tùn-ún rẹ̀, gáàdì kan wà lósì. Táákù kan wà ní ìpẹ̀kun ìhín, táákù kan wà ní ìpẹ̀kun ọ̀hún. Ó parí. Ẹni mọ́kànlá ni gbogbo ẹgbẹ́ lórí pápá, nítorí náà àwọn márùn-ún yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì!

Wo nọ́ńbà ara aṣọ wọn ní NFL: 50 títí dé 79. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan nínú nọ́ńbà yẹn kò gbọdọ̀ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú, àfi tó bá ti kọ́kọ́ lọ fi tó rẹfirí létí. Ó ní láti lọ wí fún rẹfirí o!

Iṣẹ́ wọn nígbà tí asáré bá gba bọ́ọ̀lù? Kí wọ́n ti ọ̀tá. Kí wọ́n gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí méjì wọn para pọ̀ gbé ẹnì kan kúrò nílẹ̀. O ti rí atọ́kùn tó ń lé èrò sẹ́yìn kí eégún lè rọ́nà kọjá, àbí? Iṣẹ́ wọn nìyẹn gẹ́lẹ́. Eégún ni gbogbo ojú ń wò.

Ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ di aṣọ ọ̀tá mú. Tí rẹfirí bá rí ẹni tó dì í mú, yáàdì 10 ni wọ́n á dá ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Rántí pé yáàdì 10 náà ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ rìn nínú ìgbìyànjú mẹ́rin kí wọ́n má bàa gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣìnà, iṣẹ́ ìgbìyànjú mẹ́ta lè ṣòfò.

Ẹ̀ẹ̀mélòó lo rò pé wọ́n mú Walter Jones, táákù Seattle, pé ó di èèyàn mú ní gbogbo ìgbà tó fi gbá bọ́ọ̀lù? Eré 180 ló gbá. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ni? Ó ti tó àádọ́ta ni?

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Mẹ́sàn-án péré!

Ṣé o mọ̀ pé ìwé ìṣirò NFL ń ka yáàdì tí asáré sá, ó ń ka bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù, ó ń ka èyí tó já bọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ka iye ọ̀tá tí géńdé iwájú tì ṣubú? O lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́wàá, kí ìlà orúkọ rẹ má ní nǹkan kan nínú ju iye eré tí o gbá lọ. Èyí dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ eré yìí.

Ife ẹ̀yẹ Heisman, tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó ta yọ jù lọ, ti wà láti 1935. Kò tíì sí ẹnì kan nínú àwọn márùn-ún yìí tó gbà á rí. John Hicks, táákù Ohio State, sún mọ́ ọn lọ́dún 1973. Ipò kejì ló ṣe.

Àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó níye lórí jù ní NFL ńkọ́? Kò sí ìkankan nínú wọn tó gbà á. Ti ọjọ́ Super Bowl, eré àṣekágbá NFL? Kò sí níbẹ̀ náà.

Ó dáa, ta ló gba ti NFL ní sáà 1982? Mark Moseley ti ẹgbẹ́ Washington. Kí ni iṣẹ́ Moseley? Kó fẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì kọjá. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù!

Sáà yẹn kan náà, nínú ẹgbẹ́ Washington kan náà, ni àwọn géńdé iwájú tí òkìkí wọn tíì kàn jù lọ yọ jáde. Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́?

Ẹlẹ́dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹlẹ́dẹ̀! Joe Bugel tó ń kọ́ wọn ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ayọ̀ gba orúkọ náà. Joe Jacoby. Russ Grimm. Jeff Bostic. Mark May. George Starke. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ gáùn obìnrin wá sí pápá, tí wọ́n fi imú ẹlẹ́dẹ̀ oníke bo imú wọn.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 1981, kò sí ẹgbẹ́ kan tó ṣa Jacoby. Ọdún kan ṣáájú, kò sí ẹni tó ṣa Bostic náà.

Wá wo ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kìíní 1983. Super Bowl ni, Washington àti Miami. Ìgbìyànjú kẹrin Washington, yáàdì kan ló kù. Ta ni wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù fún? John Riggins, asáré wọn, ni. Èrò mọ̀. Miami mọ̀. Wọ́n sì gbé e fún un lóòótọ́. Yáàdì kan ni wọ́n ń wá o, yáàdì 43 ló sá, ó wọlé lọ ràì ní ìpẹ̀kun pápá ọ̀tá!

Ìgbà 38 ni Riggins gba bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn. Yáàdì 166. Washington 27, Miami 17.

Dúró ná, èyí tó kàn yìí ló ń yà mí lẹ́nu títí di òní.

Oṣù Kìíní 1988, Washington tún dé Super Bowl. Ọmọdé kan wà nínú ẹgbẹ́ wọn, Timmy Smith. Nínú sáà yẹn, kí ìdíje ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, yáàdì 126 péré ló sá. Kí ló sá lọ́jọ́ Super Bowl nìkan? Yáàdì 204!

Kò tíì sí ẹni tó sá tó bẹ́ẹ̀ nínú Super Bowl kankan. Gbogbo ìlúmọ̀ọ́ká asáré tó ti dé ibẹ̀ látìgbà náà, kò sí èyí tó bá a. Denver ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, 42 sí 10.

Mọ eré kan tí Washington fẹ́ràn nígbà yẹn. Gbogbo ará iwájú á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó ń lọ sí apá kan. Lójijì, gáàdì àti táákù á fi ipò wọn sílẹ̀, wọ́n á sáré gba ẹ̀yìn ẹgbẹ́ wọn lọ sí apá kejì, asáré á sì so mọ́ wọn nídìí. Géńdé méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ju 120 kílò lọ, wọ́n ń bọ̀ lórí eré! Ìwọ ni wọ́n ń bọ̀ wá bá, kí lo máa ṣe?

Ṣé o tún mọ̀ pé orúkọ gáàdì ni ife Super Bowl fúnra rẹ̀ ń jẹ́? Vince Lombardi ni. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí akọ́nimọ̀ọ́gbá Green Bay. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì Fordham lọ́dún 1936, gáàdì ni. Méje ni wọ́n tò síwájú nígbà yẹn, bí àwọn oníròyìn sì ṣe ń pè wọ́n ni òkúta líle méje.

Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá tán, iṣẹ́ gáàdì kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Eré tó fi ń dẹ́rù ba gbogbo ẹgbẹ́ ni kí gáàdì méjèèjì sá jáde lọ sí etí pápá, kí asáré gba ẹ̀yìn wọn. Alátakò mọ̀ ọ́n, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń bọ̀, wọn kò rí i dá dúró.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1967 ńkọ́? Green Bay àti Dallas. Òtútù ọjọ́ náà tó 25 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius! Fèrè rẹfirí dì mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n pa fèrè tì, ẹnu ni wọ́n ń fi pariwo ìdájọ́ títí eré fi parí.

Ìṣẹ́jú àáyá 16 ló kù. Dallas ló ń ṣíwájú. Green Bay kò tó yáàdì kan sí ilé. Jerry Kramer, gáàdì, fi ara lu Jethro Pugh, sẹ́ńtà sì ràn án lọ́wọ́, àlàfo kékeré kan là. Ibẹ̀ ni Bart Starr, kọ́tabáàkì Green Bay, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ sẹ́ńtà, já sí. Green Bay 21, Dallas 17.

Asáré ló yẹ kí Starr gbé bọ́ọ̀lù náà fún. Kò gbé e fún un!

Kramer fẹ̀yìn tì lẹ́yìn sáà 1968. Ọdún wo ni wọ́n wá gbé e wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí? 2018. Àádọ́ta ọdún, ọ̀rẹ́ mi.

Kramer kò wúwo ju bí 111 kílò lọ nígbà náà. Larry Allen tó wá di gáàdì Dallas lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún wọn nǹkan bíi 147 kílò. Lọ́jọ́ kan, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ méjèèjì gbé irin 317 kílò kúrò láyà.

O rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè sáré? Oṣù Kejìlá 1994, ó ń bá New Orleans gbá. Darion Conner já bọ́ọ̀lù gbà, ó ń sáré lọ sílé, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ta ló lé e bá láti ẹ̀yìn? Larry Allen, pẹ̀lú gbogbo kílò rẹ̀! Wá fídíò rẹ̀ wò. Mo ti wò ó léraléra, kò sú mi rí.

Lẹ́yìn irú àwọn géńdé Dallas bẹ́ẹ̀ ni Emmitt Smith ti sá èyí tó pọ̀ jù nínú yáàdì 18,355 tó sá. Ó ju kìlómítà 16 lọ! Kò sí asáré NFL kankan tó sá jù bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, mú àga jókòó. Ọ̀rọ̀ Denver ni mo fẹ́ sọ, kò sì ṣeé sọ lórí ìdúró.

Ọdún 1995. Denver ṣa Terrell Davis. Ẹni 195 ni wọ́n ti ṣà ṣáájú rẹ̀! Lọ́dún yẹn gan-an, ó sá yáàdì 1,117. Ọdún kejì, 1,538. Ọdún kẹta, 1,750. Ọdún kẹrin, 2,008.

Alex Gibbs ló ń kọ́ àwọn ará iwájú Denver. Ohun tó kọ́ wọn ni pé kí wọ́n gbéra lẹ́ẹ̀kan náà sí apá kan náà, kí ẹni tó bá bọ́ sí iwájú kálukú di tirẹ̀. Asáré á máa wò. Ibi tó bá là, ibẹ̀ ló máa já sí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí pé ó ń jó lójú kan. Ó parí.

Àwọn géńdé náà kì í bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe fún ara wọn ni. Ẹni tó bá rú u á sanwó ìtanràn.

Lọ́dún 1999, orúnkún Davis bàjẹ́ nínú eré kẹrin. Ó tán fún Denver, àbí?

Olandis Gary bọ́ síbẹ̀. Ọmọdé tí kò tíì sá rí ní NFL. Yáàdì 1,159!

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Gary náà fara pa. Mike Anderson bọ́ síbẹ̀. Ṣójà ni tẹ́lẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Marine Amẹ́ríkà. Yáàdì 1,487! Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi sá 251 nínú rẹ̀.

Lọ́dún 2002, Clinton Portis dé. 1,508. Lọ́dún 2003, 1,591. Ni Denver bá fi Portis ránṣẹ́ sí Washington, wọ́n gba ẹlòmíràn dípò rẹ̀.

Ta ló bọ́ síbẹ̀ lọ́dún 2004? Reuben Droughns, tí wọ́n ti ń lò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń lànà fún asáré mìíràn. 1,240!

Kà wọ́n fúnra rẹ. Davis, Gary, Anderson, Portis, Droughns. Asáré márùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá, kò sí èyí tí kò kọjá 1,000. Tom Nalen ni sẹ́ńtà ní èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò yẹn. Àwọn tó mọ Portis kò mọ Nalen. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ó yà ọ́ lẹ́nu? Ti Steve Hutchinson ló kù.

Seattle, sáà 2005. Walter Jones, ẹni ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án yẹn, ni táákù apá òsì. Hutchinson ni gáàdì tó dúró tì í. Shaun Alexander ń sáré lẹ́yìn wọn. Yáàdì 1,880. Ìgbà 27 ló gbé bọ́ọ̀lù sáré wọlé nínú sáà kan!

Lọ́dún 2006, Minnesota fẹ́ Hutchinson. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn ọdún méje, mílíọ̀nù 49 dọ́là. Wọ́n wá tẹ gbólóhùn kan sínú rẹ̀: tí Hutchinson kò bá jẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ ga jù láàárín àwọn ará iwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo owó náà di dandan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní Minnesota, òun ni owó rẹ̀ ga jù. Ní Seattle, owó Walter Jones ju tirẹ̀ lọ! Apá Seattle kò ká a. Hutchinson lọ.

Alexander fara pa lẹ́sẹ̀ ní sáà tó tẹ̀ lé e. 896 ló sá. Ọdún kejì, 716.

Ní Minnesota ńkọ́? Ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá 2007, ọmọdé kan tó ń jẹ́ Adrian Peterson gba ẹ̀yìn Hutchinson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sá yáàdì 296 nínú eré kan ṣoṣo. Kò tíì sí ẹni tó sá tó bẹ́ẹ̀ nínú eré NFL kankan.

Mélòó ló pọ̀ jù ṣáájú ìgbà náà? 295, ti Jamal Lewis lọ́dún 2003. Yáàdì kan péré ló fi jù ú!

Asáré mìíràn, Barry Sanders, fẹ́ràn láti máa yí, kó máa pa dà, kó tún gba ibòmíràn. Lọ́dún 1997, eré méjì àkọ́kọ́, yáàdì 53 ló sá lápapọ̀. Èèyàn ti ń mi orí. Ó parí sáà náà pẹ̀lú 2,053. Yọ 53 kúrò níbẹ̀. Yáàdì 2,000 géérégé nínú eré 14!

Ta ló sọ pé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní asáré olókìkí kan kí yáàdì tó pọ̀? New England, 1978: yáàdì 3,165 ni gbogbo ẹgbẹ́ sá. Ẹni mélòó nínú wọn ló kọjá 1,000? Kò sí. Kò sí ẹnì kankan! Ẹni tó pọ̀ jù sá 768. Ẹni mẹ́rin ló ju 500 lọ, kọ́tabáàkì wọn sì wà nínú mẹ́rin náà. John Hannah ni gáàdì wọn.

Ọdún 41 ni iye yẹn fi dúró kí Baltimore tó sá 3,296 lọ́dún 2019. Kọ́tabáàkì wọn, Lamar Jackson, nìkan sá 1,206 nínú rẹ̀.

Miami 1972 kò pàdánù eré kan ṣoṣo, 17 nínú 17. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí asáré méjì ti kọjá ẹnu ọ̀nà 1,000 nínú sáà kan. Larry Csonka, 1,117. Mercury Morris, 1,000 gẹ́lẹ́.

O rí "gẹ́lẹ́" yẹn? 991 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún Morris nígbà tí sáà parí. Wọ́n tún fíìmù wò, wọ́n rí i pé yáàdì 9 kan tí wọ́n yọ lára tirẹ̀ kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n dá a padà. 1,000!

Àwọn wo ló ń lànà fún wọn? Larry Little, tí ẹgbẹ́ kankan kò ṣà. Jim Langer, tí Cleveland lé dànù. Àwọn méjèèjì ti wà ní Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí báyìí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gba Super Bowl. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni kọ́tabáàkì wọn, Bob Griese, ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà? Ẹ̀ẹ̀méje. Nínú Super Bowl! Csonka sá 145. Bob Kuechenberg, gáàdì wọn kejì, gbá eré náà pẹ̀lú apá tó ti kán tẹ́lẹ̀, irin ni wọ́n fi dè é nínú.

Ẹ̀ẹ̀méje kéré lójú rẹ? Oṣù Kejìlá 2021, afẹ́fẹ́ líle ń fẹ́ ní Buffalo. New England ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní gbogbo eré. Ìgbà 46 ni wọ́n gbé e sáré. Wọ́n sì borí, 14 sí 10!

Lọ́dún 1973, O.J. Simpson ti Buffalo ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọjá 2,000. Ó sá 2,003, nínú eré 14. Nígbà tí àwọn oníròyìn pè é wá sọ̀rọ̀, kò dá wá. Ó kó àwọn ará iwájú rẹ̀ wọlé, ó sì ń fi wọ́n hàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni mẹ́sàn-án ló ti kọjá 2,000 láti ọdún náà títí di sáà 2024. Ẹni kẹsàn-án ni Saquon Barkley. Lọ́dún 2023, ó wà ní New York Giants, yáàdì 962 ló sá. Ó kó lọ sí Philadelphia. Lọ́dún 2024, 2,005! Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni o. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ló yí padà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ni Jordan Mailata. Ọmọ Australia. Ó ga ju mítà 2 lọ, ó sì wúwo tó 165 kílò. Rọ́gíbì ló ń gbá nílé. Nígbà tí Philadelphia ṣà á lọ́dún 2018, mélòó ni eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ti gbá rí láyé rẹ̀?

Òdo.

Òun ló wá ń lànà fún ẹni tó sá 2,005. Wọ́n gba Super Bowl ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì 2025, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Barkley pé ọmọ ọdún 28!

Ti àwa ọmọ Yorùbá ńkọ́? Ó wà o! Olumuyiwa Fashanu, táákù, ẹni kọkànlá tí wọ́n ṣà ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún 2024. New York Jets ló mú un. Asáré kan tó ń jẹ́ Israel Abanikanda ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Abanikanda yìí, nígbà tó wà ní yunifásítì Pittsburgh lọ́dún 2022, sá yáàdì 320 nínú eré kan, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀mẹfà! Ó kọjá 303 tí Tony Dorsett ti fi lélẹ̀ níbẹ̀.

Jay Ajayi ńkọ́, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London? Lọ́dún 2016, ní Miami, ó sá 204 ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, 214. Kí ọdún tó parí, ó tún sá 206.

Babatunde Aiyegbusi sì wà, tí wọ́n bí sí Poland. Gíga rẹ̀ ju mítà 2 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ tó 159 kílò. Ẹgbẹ́ kan ní Jámánì ló ń gbá fún kí Minnesota tó pè é wá dán táákù wò lọ́dún 2015. Kò rọ́wọ́ mú níbẹ̀. Ó lọ di oníjàkadì lórí tẹlifíṣọ̀n!

Má gbàgbé William Perry ti Chicago, tí gbogbo ayé ń pè ní Fìríìjì. Apá kejì pápá ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, òun ló ń dá asáré àwọn ẹlòmíràn dúró. Lóṣù Kẹwàá 1985, wọ́n ní kó wá dúró síwájú Walter Payton, asáré wọn. Ó gbá ẹni tó bá lọ́nà dànù, Payton wọlé. Wọ́n tún ṣe é, Payton tún wọlé. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún Fìríìjì fúnra rẹ̀. Òun náà wọlé!

Bruce Matthews gbá ipò márààrún níwájú. Sẹ́ńtà, gáàdì ọ̀tún, gáàdì òsì, táákù ọ̀tún, táákù òsì. Eré 296.

Joe Thomas ti Cleveland kò kúrò lórí pápá fún ìgbà 10,363 léraléra tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù. Ẹgbàárùn-ún ó lé! Apá rẹ̀ tó ya lọ́dún 2017 ló dá a dúró.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní 2011, Marshawn Lynch sá yáàdì 67 ní Seattle, ó ń já mọ́ ọ̀tá lọ́wọ́, àwọn ará iwájú rẹ̀ ń sá lọ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́nà jíjìn, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa tì. Èrò pariwo, wọ́n fò sókè. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá ń mì, tó wà nítòsí pápá, kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ mì!

Èyí tó kẹ́yìn, mo fi pa mọ́ fún ọ.

Pápá náà jẹ́ 100 yáàdì. Nítorí náà, ibi tó jìnnà jù tí asáré lè ti gbéra kó sì wọlé nínú ìgbìyànjú kan ni yáàdì 99. Kò lè tó 100 láéláé. Ẹni méjì péré ló ti sá 99 ní NFL. Derrick Henry ti Tennessee ni ẹnì kejì, lóṣù Kejìlá 2018.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Tony Dorsett ti Dallas, ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní 1983, nígbà tí wọ́n ń bá Minnesota gbá. Ẹ̀yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé tiwọn. Wọ́n ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, àwọn ará iwájú là á, Dorsett yọ bọ́ sí gbangba, ó di ilé!

Wọ́n wá ka àwọn Dallas tó wà lórí pápá nígbà yẹn. Asáré wọn kejì, ẹni tó yẹ kó wà níwájú Dorsett, kò sí lórí pápá. Ẹni mẹ́wàá péré ni wọ́n!